Pèrègún Tí Bàbá Mi Gbìn Síbi Tí Omi Dé

Mo ní ilẹ̀ kan ní Àkúrẹ́. Pùlọ́ọ̀tì kan péré ni, lẹ́yìn Isikan lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọra sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò kékeré kan tó ń ṣàn lọ bá odò Àlà. Ilé alájà méjì wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ilé onílẹ̀ẹ́lẹ̀ wà lápá òsì. Ṣọ́ọ̀ṣì kan dúró síwájú, àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe sì wà lẹ́yìn. Lórí tèmi, àbàtà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìdí ìrèké díẹ̀ àti àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà rí.

Lọ́dọọdún ni ẹnìkan máa ń wá bá mi ní Oǹdó, níbi tí mò ń gbé báyìí, pé kí n ta ilẹ̀ náà fún òun. N kì í tà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láti apá Ìlárá-Mọ̀kín tilẹ̀ wá wò ó nígbà kan. Wọ́n ya fọ́tò àwọn ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní onígboyà ènìyàn ni mí, pé èmi nìkan ni mo dúró ti ibi tí omi ń sinmi sí. Wọ́n ra ohun mímu tútù fún mi, mo sì mu ún. Bí mo bá sọ fún wọn pé ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n kọ́lé síbẹ̀, pé ẹ̀rù náà ni kò jẹ́ kí n tà á, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gba ìgò wọn padà lọ́wọ́ mi.

Ojo ni mí láti kékeré. Mo bẹ̀rù tíṣà, mo bẹ̀rù ajá, mo bẹ̀rù afárá onípákó, mo sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni tó bá fi báírò há àpò àyà. Mo ka ìwé mẹ́fà tán, mo ti ẹsẹ̀ kan bọ ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà, mo sì tètè yọ ọ́ padà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ibi tí mo ti kọ nǹkan wọ́gọwọ̀gọ nínú ohun tí mò ń sọ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tò ó.

Ọmọ Àkúrẹ́ ni bàbá mi, káfíńtà ni. Ọmọ Oǹdó ni ìyá mi. Nígbà tí mo wà ní bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, òjò kan rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láì dá. Odò tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa, tí àwa ọmọdé máa ń fò kọjá, kúrò ní àyè rẹ̀, ó gun òkè wá. A dúró sẹ́nu ọ̀nà, à ń wò ó bó ṣe ń bọ̀, tó ń gbé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti agbọ̀n adìyẹ ẹni ẹlẹ́ni dání. Nígbà tó fà padà, ó fi pàǹtírí sílẹ̀ sórí koríko, ó ṣe ìlà kan gbọọrọ bí ẹni fi okùn nà án.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi gé ọ̀pá pèrègún, ó dì wọ́n, ó sì gbé wọn rù mí. Bí ó bá ti ka ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà pàǹtírí yẹn, á gbẹ́ ihò, á na ọwọ́ sẹ́yìn, màá sì fi ọ̀pá kan lé e lọ́wọ́.

"Bàbá, kí là ń fi ṣe?"

"Ulé omi rèé," ni ó wí. Ulé ni àwọn ará Àkúrẹ́ ń pe ilé, tí tíṣà bá sì gbọ́ ọ lẹ́nu wa ní kíláàsì, ẹgba ni. "Ibi tí omi dé rèé. Kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé kọjá rẹ̀. Tí mo bá kú, àwọn ènìyàn á gbàgbé, pèrègún ò ní tètè kú."

"Ṣé omi náà á tún padà wá ni?"

"Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o kì í padà wálé?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò fo odò yẹn kọjá mọ́ láì kọ́kọ́ kí i.

Èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ bàbá mi ní ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí àwọn òbí wa bí yàtọ̀ sí mi, wà ní Oǹdó lọ́dọ̀ àwọn ará ilé ìyá wa, ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ìyá mi ń sá gààrí tí omi ti rin sóòrùn. Ẹ sì mọ̀ pé nílẹ̀ wa, pèrègún ni a fi ń pààlà. Bí ènìyàn bá rí pèrègún tó tò tẹ̀lé ara wọn nínú igbó, kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ ìdílé kan parí sí, tí ti òmíràn sì bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi kò ronú kan ìyẹn. Ó kú, ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tí èmi nìkan mọ̀, èmi tí n kò lè sọ fún kọ̀ndọ́ pé mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láì kọ́kọ́ ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta nínú mi.

Nígbà tí àwọn ọdún líle dé, àwọn ọdún tí a ń pè ní Sáàpù, tí búrẹ́dì di ohun tí a ń rí lójú fèrèsé, tí táyà ọkọ̀ di bàtà, tí àwọn tíṣà ń gbin ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn kíláàsì, ẹ̀gbọ́n mi ti di opó, ó kó ọmọ mẹ́rin padà sílé bàbá wa. Ìyá wa ti padà sí Oǹdó nígbà náà, ó ń gbé nínú ilé tí bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ pèrègún, ó rí i pé nígbà tí gbogbo Àkúrẹ́ bá gbẹ táútáú nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ ṣì máa ń tutù. Ó sọ ọ́ di àkùrọ̀. Ó kọ ebè, ó gbin tẹ̀tẹ̀, ó gbin ṣọkọ, ó gbin ilá, ó sì gbin àgbàdo tó máa ń gbó nígbà tí àwọn ẹlòmíràn kò tíì rí òjò àkọ́kọ́. Àwọn aláta òpópónà Arakale á ti dúró dè é kó tó dé. Ẹ̀fọ́ yẹn ló rán àwọn ọmọ mẹ́rin náà nílé ìwé. Ẹ̀fọ́ yẹn náà ló fún mi lókun, nítorí mi ò ní ìyàwó nígbà náà. Mo ṣì ń bẹ̀rù bí mo ṣe máa sọ fún ẹni tó wù mí.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń wọnlẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń fa ṣéènì tí a fi ń wọn ilẹ̀, èmi náà ni mò ń ru òpó sìmẹ́ǹtì kékeré tí a máa ń rì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lọ́sàn-án, bí iṣẹ́ bá bọ́ sí apá Isikan, màá yà sí àkùrọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á ti rí mi láti òkèèrè.

"Oníṣéènì, ebi ló rán ẹ wá tàbí àárò mi?"

"Àárò yín ni, Àǹtí."

"Kí àárò náà bọ́ bàtà kó tó wọlé."

Màá bọ́ bàtà, màá ti ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀. Ọ̀yẹ́ lè máa fẹ́ lókè, kí ètè gbogbo ìlú ti là, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ yẹn tutù bí inú ìkòkò. Á sun àgbàdo fún mi. Á máa fi igbá bu omi wọ́n ẹ̀fọ́, á máa sọ̀rọ̀, kò sì ní bojú wẹ̀yìn wò bóyá mò ń gbọ́. Mo ti jẹun ní ibi púpọ̀ láti ìgbà náà, mo tiẹ̀ ti jẹun nínú hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi aṣọ funfun tẹ́ tábìlì rẹ̀. Tí wọ́n bá bi mí pé ibo ni mo ti yó jù láyé mi, ibẹ̀ ni.

Ní àwọn ọdún náà, ilé ṣọ̀wọ́n ní Àkúrẹ́ ju iyọ̀ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń dé láti ìlú mìíràn, yàrá kò sí. Ìdílé tó wà lódìkejì odò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n tà á dé etí odò, wọ́n rékọjá odò, wọ́n ní títí dé ìdí pèrègún ni tiwọn, pé ṣebí ibi tí ilẹ̀ tiwa parí sí nìyẹn. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ni olórí ẹbí wa. Inú bí i, ṣùgbọ́n kí ló máa sọ? Pèrègún dúró níbẹ̀ gbangba, gbogbo ojú ló sì mọ ohun tí pèrègún jẹ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣètò ìlú, tí gbogbo wa ń pè ní tanpuláànì, ní àwọn kò tíì lè fọwọ́ sí i. Wọ́n ní nínú máàpù àwọn, ilẹ̀ oko àti àyè omi ni ibẹ̀. Kí ó tó lè di ilẹ̀ ilé, àwọn á pe ìpàdé, kí ẹni tó bá ní àtakò wá sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi nínú yàrá tí mo háyà.

"Ìwọ lo bá Bàbá gbìn ín, o ti sọ ìdí rẹ̀ fún mi," ni ó wí. Kò tilẹ̀ jókòó. "Tí wọ́n bá gbọ́ pé omi ti dé ibẹ̀ rí, wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé síbẹ̀. Àkùrọ̀ mi á dúró. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ náà, omi ò ní wọlé bá wọn."

"Àǹtí, ọ̀gá mi ni wọ́n pè pé kó wá gé pùlọ́ọ̀tì náà."

"Mo mọ̀."

"Ó lè lé mi."

"Mo mọ̀. Tí wọ́n bá gba àkùrọ̀ lọ, níbo lo ti máa jẹ ọ̀sán?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Ẹ̀rín rẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n rí àyè sá. Bó bá bínú ni, èmi náà ì bá bínú, ọ̀rọ̀ ì bá tán.

Mo pinnu láti lọ sí Oǹdó. Ẹ má rò pé ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ lọ gbà. Mo fẹ́ kí ìyá mi wá sọ ọ́ dípò mi ni. Epo kò sí, ọkọ̀ kò sí, mo sì bá ọkọ̀ gẹdú lọ, mo jókòó sórí pákó, mo di okùn mú, mo sì ń jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi títí a fi dé. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ewé kókò di tẹ̀tẹ̀ kan fún mi pé kí n mú lọ fún Màmá.

Ìyá mi gba ẹ̀fọ́ náà, kò gbé e sílẹ̀. Ó gbé e sí imú fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹrẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa," ni ó wí. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àárò ilé yẹn ń sọ ọ́. Ilé bàbá rẹ̀ ní Oǹdó wà lórí òkè, ó gbẹ, ó mọ́, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni, ohun gbogbo tí ó máa ń sọ pé òun fẹ́ nígbà tó wà ní Àkúrẹ́.

Mo rò ó fún un. Ó gbọ́ ọ tán.

"Mo mọ̀ pé bàbá rẹ gbìn ín," ni ó wí. "Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó ń gbìn ín, kò sì sọ ìdí fún mi. Bí mo bá lọ, wọ́n á ní ìyàwó ni mí, kí ni mo mọ̀ nípa ilẹ̀. Ìwọ ló máa sọ ọ́."

"Màmá, ẹnu mi kì í ṣí níwájú àwọn ènìyàn."

"Ó ń ṣí tó o bá ń jẹun." Ó bu iyán fún mi. "Fetí sílẹ̀. Ti omi ni kí o kọ́kọ́ sọ. Sọ pé omi dé ibẹ̀, pé bàbá rẹ fi pèrègún sàmì sí i, kí o sì jókòó. Má dárúkọ ààlà. Mo bá àwọn ará ilé bàbá rẹ gbé ju ogún ọdún lọ. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ilẹ̀ kan jẹ́ tiwọn, etí wọn dí nìyẹn, ohun tó bá kù lẹ́nu rẹ, o máa gbé e padà sílé ni."

Mo kọ́ ọ sórí bí ẹsẹ Bíbélì. Omi, bàbá mi, àmì, jókòó. Lórí pákó nígbà tí mò ń padà bọ̀, bí ọkọ̀ bá ti gbọ̀n, màá tún un kà.

Kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni a ti ṣe ìpàdé. Bẹ́ńṣì ọmọdé ni a jókòó lé, orúnkún àwọn àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Ọ̀gá tanpuláànì jókòó sídìí tábìlì tíṣà. Báírò méjì ló fi há àpò àyà, mo sì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ fún mi. Bàbá Kékeré wà níwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ọ̀gá mi dúró lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin.

Ẹni tó jókòó tì mí ni ọkùnrin kan tí a ń pè ní Bàbá Alábọ́, Mùsùlùmí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta abọ́ tánganran ní Arakale láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Òun ló kọ́kọ́ dìde.

"Mo kí gbogbo ilé," ni ó wí. "Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ọmọ mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Àkúrẹ́ ni wọ́n bí wọn sí. Yàrá méjì là ń gbé. Bí onílé bá wúkọ́, à ń bi ara wa pé ta ló ṣẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń ṣàánú ọ̀pọ̀lọ́. Kò burú. Ọ̀pọ̀lọ́ ṣáà ń rí ibi sùn."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí òtítọ́ ló sọ. Èmi tí mo ń gbé yàrá kan, mo mọ bí ìkọ́ onílé ṣe ń dún.

Obìnrin tíṣà kan tó háyà ilé nísàlẹ̀ odò dìde. Ó ní, "Bí ẹ bá fi ilé dí ibi tí omi ń sinmi sí, ibo ni kí omi náà lọ? Ilé mi ló máa wá."

Ọ̀gá tanpuláànì gbé báírò sókè. "Ìyá, ṣé omi ti dé ibẹ̀ rí, tàbí ẹ̀ ń rò ó ni? Mo fẹ́ ẹni tó fojú rí i. Bí ẹ bá rí ẹnìkan, màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá sì dá ọ̀rọ̀ yìí dúró níbí."

Ẹ ò rí i bí ọ̀nà ṣe là fún mi gbọọrọ. Mi ò yíjú sẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí, ibi tó ń wò lára mi gbóná. Mo dìde. Bẹ́ńṣì bá mi dìde díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni mo wí. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbá omi, bàbá mi, àmì àti jókòó kúrò lórí mi pátápátá. Mo wo iwájú, mo rí ojú Bàbá Kékeré, ojú ẹni tó ń bi mí pé kí lo fẹ́ fi wá ṣe. Mo rí ọ̀gá mi tó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Mo sọ nínú ara mi pé kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa tù wọ́n nínú, kí ara wọn rọ̀, kí n tó wá sọ ìyókù.

"Pèrègún yẹn," ni mo wí, "bàbá mi ló gbìn ín, èmi ni mo rù ú. Kì í ṣe ààlà."

Bàbá Kékeré dìde láì fi ọ̀pá tì í, ohun tí mi ò rí i kó ṣe láti bí ọdún méjì.

"Tún un sọ, ọmọ mi."

"Kì í ṣe ààlà, sà. Ibi tí—"

"Ẹ gbọ́ ọ? Kì í ṣe ààlà. Ilẹ̀ wa dé etí odò."

"Irọ́ ni," ni olórí ẹbí kejì wí, òun náà ti dìde. "Ta ni oníṣéènì yìí? Ṣé òun ló wọn ayé ni?"

Báyìí ni kíláàsì ṣe dà rú. Àwọn tiwa ń pàtẹ́wọ́, àwọn tiwọn ń pariwo, ẹnìkan fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, ó ní ọkùnrin ni mí. Mo ṣì dúró. Mo ní, "Ibi tí omi dé ni. Omi dé ibẹ̀. Mo rí i." Mo sọ ọ́ bí ẹni ń bá bàtà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá Alábọ́ nìkan ló yíjú wò mí, ó sì yíjú padà síwájú.

Mo jókòó. Mo wo ìwé ọ̀gá tanpuláànì láti ibi tí mo wà. Àríyànjiyàn lórí ààlà ni ohun tó kọ síbẹ̀. Kò sí omi níbẹ̀. Ó ní kí ìdílé méjèèjì lọ parí ọ̀rọ̀ wọn, kí wọ́n tó padà wá sọ́dọ̀ òun. Kò sì gba oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi parí rẹ̀. Wọ́n pín àbàtà náà sí méjì, wọ́n jọ lọ fọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì jọ gbé e fún ọ̀gá mi láti gé. Ọ̀gá mi ní mo gbọ́n. Ó ní bí mo ṣe la ẹnu mi yẹn, iṣẹ́ wa di ìlọ́po méjì.

Ní ọjọ́ tí a fa ṣéènì gba àárín àkùrọ̀ kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa. Ó ń lọ níwájú mi, ó ń fa tẹ̀tẹ̀ tu, ó ń kó o sápẹ̀rẹ̀, kí ẹsẹ̀ mi má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. A rìn bẹ́ẹ̀ láti òkè dé etí odò, òun níwájú, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú ṣéènì.

"Àǹtí," ni mo wí.

"O sọ ọ́. Mo gbọ́ pé o sọ ọ́." Kò dúró. "Ẹ̀yìn rẹ̀ lo fi ṣíwájú ni. Gbé ẹsẹ̀ ẹ, ilá wà níbẹ̀."

Mi ò gbọ́ kó tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà títí ó fi kú.

Katapílà wá, ó wú pèrègún. Àwọn típà da yẹpẹ̀ pupa sí i, ìrìn méjì, ìrìn mẹ́wàá, títí ẹrẹ̀ fi wọlẹ̀. Bàbá Kékeré pe gbogbo ẹbí jọ, ó gbàdúrà fún mi, ó sì fún mi ní pùlọ́ọ̀tì kan nítorí pé mo la ìdílé lójú. Àárín ebè ẹ̀gbọ́n mi gan-an ni. Mi ò jẹ́ kí típà kankan wọ ibẹ̀. Mo sọ fún Bàbá Kékeré pé mò ń dúró kí owó ilé jọ. Mo dá ilẹ̀ náà padà fún ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ń ro ó bí ilé ṣe ń yọ yí i ká, títí ó fi di pé bó bá ń wọ́n omi sí ẹ̀fọ́, àwọn ènìyàn máa ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó rí igi pèrègún kan tí katapílà dá sí méjì nínú òkìtì yẹpẹ̀, ó fi gún igun ilẹ̀ náà. Ó hù.

Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Ìyá mi náà ti kú, ilé rẹ̀ ní Oǹdó ni mò ń gbé, lórí òkè, níbi tó gbẹ tó sì mọ́. Ìgbà méjì lọ́dún ni mo máa ń lọ sí Àkúrẹ́ láti lọ gé koríko.

Nínú òjò tó kọjá yìí, wọ́n pè mí pé omi wọlé ní àdúgbò wa. Mo dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Wọ́n ti kó àga àti tìmùtìmù sí òòrùn káàkiri. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò ló jìyà jù, ilé tí tíṣà ọjọ́sí háyà ti wó ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ilé alájà méjì tó wà lápá ọ̀tún ilẹ̀ mi, ti Bàbá Alábọ́ ni. Òun náà ti darúgbó. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn rẹ̀, ó ń fi àkísà nu ẹrẹ̀ kúrò lára abọ́ tánganran.

"Ọmọ onílẹ̀," ni ó wí. Orúkọ tó máa ń fi dá mi lápàárá nìyẹn. "O wá wo àwọn ọ̀pọ̀lọ́ rẹ. Àlàáfíà ni wọ́n wà."

"Ẹ kú ewu omi, Bàbá."

Mo jókòó sí àtẹ̀gùn tó wà nísàlẹ̀ tirẹ̀. Mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri láti ọjọ́ tó pẹ́, mo sì rò pé bí mi ò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹrẹ̀ wà nínú yàrá rẹ̀, mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Mo ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo fa èyí. Lọ́jọ́ ìpàdé, mo mọ̀ pé omi ti dé ibí rí, mi ò sì sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́."

Ó nu abọ́ kan tán, ó gbé e sójú oòrùn, ó wò ó.

"Mo gbọ́," ni ó wí.

"Ẹ gbọ́ kí ni?"

"Èmi ni mo jókòó tì ẹ́. O ní ibi tí omi dé ni, o rí i. Mo gbọ́ ọ ketekete." Ó mú abọ́ mìíràn. "Mo lọ sílé, mo sọ fún ìyá àwọn ọmọ. Ó ní ṣé a ó máa gbé yàrá méjì títí a ó fi kú? Mo ra ilẹ̀ náà. Ilé ń wù mí, ọmọ onílẹ̀. O ò mọ bí ilé ṣe ń wu ènìyàn."

Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ti ń sọ fún ara mi pé bó bá ṣe pé ẹnìkan péré gbọ́ mi ni, àkùrọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ì bá ṣì wà. Ẹnìkan ti gbọ́ mi. Ó jókòó tì mí gan-an.

Bàbá Alábọ́ na ọ̀pá rẹ̀ sí pèrègún tó wà ní igun ilẹ̀ mi. "Gé ọ̀kan fún mi níbẹ̀ yẹn."

Mo gé e. Ó mú abọ́ tánganran ńlá kan tí ìdí rẹ̀ ti lu, ó ní kí n bu ẹrẹ̀ sí i, mo sì gbin pèrègún náà sínú rẹ̀. Ó ní kí n gbé e lé àtẹ̀gùn kẹta, níbi tí ìlà ẹrẹ̀ hàn sí lára ògiri. Obìnrin kan tó háyà yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀ ń kọjá lọ pẹ̀lú aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Bàbá, òdòdó yìí mà dára o."

"Ibi tí omi dé ni," ni Bàbá Alábọ́ wí, ohùn rẹ̀ sì já gaara dé ojú títì. "Má gbé àpótí aṣọ rẹ sísàlẹ̀ rẹ̀ mọ́."

Kí n tó kúrò, mo bọ́ bàtà, mo ti ẹsẹ̀ bọ ilẹ̀ mi. Ẹrẹ̀ náà tutù bó ṣe máa ń tutù. Tẹ̀tẹ̀ kan hù láàárín ìrèké, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Mo ká a, mo wá ewé kókò kan, mo fi dì í bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń dì í. Inú ọkọ̀ Oǹdó ni mo wà, mo ti dé ẹ̀yìn ìlú, kí n tó rántí pé kò sí ẹni tí mo fẹ́ mú un lọ fún. Mo ṣáà gbé e lé itan mi. Nígbà tó yá, mo gbé e sí imú.